Òórùn Kamomáìlì Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

"Ẹyinjú! Mo ní o má họ ọ́ mọ́!"

Aránṣọ fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó ń họ orúnkún bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń yọ. Káfíńtà, bàbá rẹ̀, ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn.

"Ó ti sú mi," ó ní. "Ìpara tí nọ́ọ̀sì fún wa, Ẹyinjú ní ó ń ta òun. Tí ara ọmọ yìí ò bá rọlẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú, mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn mọ ọmọ tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ náà gún aránṣọ lọ́kàn. "Ìyẹn mọ ọmọ tọ́jú, àbí? Èmi wá ni mò ń dá egbò sí i lára?"

Ọkọ rẹ̀ dìde. Ó gbé àpò irinṣẹ́, ó jáde.

Kì í ṣe ara ọmọ nìkan ló ń da aránṣọ láàmú o. Ìyàwó tí káfíńtà kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, kí aránṣọ tó wọlé ni ọkùnrin náà sì ti kó ẹrù olóògbé jáde pátá, kí ara lè tu ìyàwó tuntun. Àṣé nǹkan kan kù tí kò ṣeé kó. Òórùn ni. Òórùn òdòdó, bí ápù tó pọ́n, tó máa ń dédé gba ilé kan lọ́sàn-án, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni se nǹkan. Nígbà tí aránṣọ ṣàlàyé rẹ̀ fún obìnrin ilé kejì, ẹnu ya ìyẹn.

"Kamomáìlì nìyẹn! Ìyá Ẹyinjú ló máa ń gbìn ín sójú fèrèsé. Á sá òdòdó rẹ̀, á rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, á fi pa ọmọ lára tí ara bá ń yún un."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba aránṣọ. Ó dá a lójú pé ìyáálé òun ò tíì lọ. Ó ra oògùn ìfọlẹ̀ tó le, èyí tó ń tani lójú, àràárọ̀ ló sì ń fi nu ilé dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí olóògbé lè mọ̀ pé ilé ti ní onílé. Òórùn á lọ láàárọ̀, á padà lọ́sàn-án.

Ó tún padà lónìí, kò pẹ́ tí káfíńtà jáde. Aránṣọ gbójú sókè, Ẹyinjú ò sí ní pálọ̀ mọ́. Ó pè é, kò dáhùn. Ó wọ yàrá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni òórùn náà ti ń wá.

"Yéè! Ìyáálé mi, ẹ forí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ ló bá níbẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láìwọ ẹ̀wù, ó ti imú bọ agolo kékeré kan tí òdòdó gbígbẹ wà nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì," ó ń sunkún. "Wọ́n máa dà á nù. Màmá mi ló fọwọ́ já a."

"Kí ló dé tó ò mú un wá, kí n fi pa ọ́ lára?"

"Ó máa tán."

Aránṣọ fà á jáde, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá wo ara ọmọ dáadáa. Ikùn, ìgúnpá, orúnkún: ibi tó fi ń kan ilẹ̀ gan-an ni egbò wà. Oògùn ìfọlẹ̀ ṣì ń rùn lára rẹ̀. Háà! Òkú ló rò pé òun ń lé, ọmọ òkú ló ń bó láwọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni, Ẹyinjú. Nǹkan tí mo fi ń nulẹ̀ ló ń jẹ ọ́ lára. Má bínú. Ṣé ká bù díẹ̀ níbẹ̀?"

Ọmọ wò ó títí, ó wá ṣí agolo fúnra rẹ̀, ó bu ìwọ̀nba.

Aránṣọ da oògùn ìfọlẹ̀ nù, ó fi omi lásán ṣan ilẹ̀. Ó rẹ òdòdó náà sómi gbígbóná, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ọmọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá mi máa ń jẹ́ kó tutù ná. Wọn kì í fi ra ara mi, wọ́n kàn máa ń gbé e lé e ni."

"Ó dáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é la máa ṣe é."

Wọ́n dúró kó tutù. Nígbà tí aránṣọ gbé aṣọ náà lé orúnkún rẹ̀, ọmọ mí kanlẹ̀. Ọwọ́ tó ń họ ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oorun sì gbé e lọ lórí itan aránṣọ.

Ìgbà tí káfíńtà dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Ìyá Ẹyinjú ni," aránṣọ dá a lóhùn. "Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ rọra tilẹ̀kùn. Ọmọ ń sùn. Kò sì síbi tó ń lọ."