Ọwọ́ Ọ̀gá Omi àti Garawa Ìkẹyìn

Ẹ kú iṣẹ́ òní, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ọwọ́ méjì fún wa, tó fi awọ bò wọ́n, tó sì kọ́ awọ náà bí a ṣe ń san lẹ́yìn ọgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ irun onírun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe mú gègé mi. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀gá Omi fún yín.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni Ọ̀gá Omi ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń bá àwọn ilé ìtura àti ilé ìwòsàn fọ aṣọ. Ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, gbogbo wọn ń pariwo bí ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ bí a ti ń yọ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tàbí ọ̀rá tó ti wọ ọrùn ẹ̀wù. Ọwọ́ ènìyàn ló ń yọ ìyẹn, nínú báàfù mẹ́fà tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí ti dúró nídìí báàfù àkọ́kọ́. Òun ni olórí àwọn tó ń fọwọ́ fọ̀, kò sì sí àbàwọ́n tó rí i tí kì í sá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Omi nìyẹn, orúkọ náà sì ń wú u lórí.

Òun náà ló dá àṣà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, wọ́n á pọn omi kún garawa kan, wọ́n á da bílíìṣì, oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun, sí i. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tò, wọ́n á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kò ní yọ ọwọ́ títí wọ́n á fi kọ ẹsẹ orin ìdúpẹ́ kan tán. Garawa ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é.

"A ò gbọdọ̀ gbé èérí aláìsàn lọ bá ọmọ nílé," ni Ọ̀gá Omi máa ń wí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń ta òun, á rẹ́rìn-ín. "Ó ń ta ọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn!"

Kò sì sí ẹni tó ń ta tó òun alára. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó le bí páálí, àárín ìka rẹ̀ sì ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ń yún un títí dé ojú oorun. "Àgbà ló dé," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ó ṣáà ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lójoojúmọ́; kí ló tún kù tí èèyàn lè ṣe?

Nígbà tó yá, Ọlọ́run ṣe é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọdún mẹ́fà, bí ọmọkùnrin làǹtìlanti kan. Ilé rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ti ìyá rẹ̀. Ọ̀gá Omi ti kéde tipẹ́ pé òun lòun máa wẹ ọmọ náà. Ọmọ mẹ́rin ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ dàgbà, ọ̀kan kò yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ìwọ́ ọmọ ti já, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ká apá aṣọ, ó gbé ọmọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ọmọ figbe ta. Igbe náà kì í ṣe ti ebi. Nígbà tí wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ìlà pupa tín-ín-rín méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí awọ ọwọ́ ìyá àgbà ti ha á.

"Màámi," ni ọmọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ẹ má bínú sí mi o. Ẹ jẹ́ kí n máa wẹ̀ ẹ́ fúnra mi ná."

"Nítorí ọwọ́ mi?"

"Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, màámi."

Ó wò ó. Ó dùn ún dé akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tó ń jókòó ti ìbànújẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Kí ọmọ yìí tó pé oṣù mẹ́ta, èmi ni màá wẹ̀ ẹ́."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n, màá sì bi í léèrè."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Ó bi Í léèrè lóòótọ́, lórí eékún, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ìdáhùn náà wọ aṣọ funfun, ó sì gbé báàgì dání: nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sílé ìfọṣọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì náà kéré sí ọmọ tí Ọ̀gá Omi bí gbẹ̀yìn. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Mà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ máa ń wọ ìbọ̀wọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ẹ má tíì ṣàlàyé fún mi. Ẹ jẹ́ kí n wá wò yín nídìí iṣẹ́."

Ó wá, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù, ó ń wò. Ó rí i tí Ọ̀gá Omi ki ọwọ́ tó ṣì ń kán omi bọ ìbọ̀wọ́. Ó rí i tó ri apá sínú omi kọjá ẹnu ìbọ̀wọ́ náà, tí omi ọṣẹ ń ṣàn wọlé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní kó bọ́ ọ. Ọ̀gá Omi dorí ìbọ̀wọ́ kodò, omi tó jáde nínú ẹyọ kan ṣoṣo á kún ife tíì.

"Yéè!" Alọṣọ ló kígbe láti ìdí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé. "Ọ̀gá wa, ẹja lẹ ń sìn níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Omi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì í díẹ̀.

"Rọ́bà yìí ò ṣẹ̀ yín, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé omi wọlé fún un. Láti àárọ̀ ni ọwọ́ yín ti ń sè nínú ọṣẹ. Ẹ wo abẹ́ òrùka yín náà."

Abẹ́ òrùka funfun fún ọṣẹ, awọ ibẹ̀ sì ti bó. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Èyí ni mi ò lè bọ́," ló wí.

"Ẹ ò ní jù ú nù, mà. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Á tiẹ̀ sún mọ́ ọkàn yín ju báyìí lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ?" Ó fi ọṣẹ yọ òrùka náà kúrò níka.

Nọ́ọ̀sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí báàgì nígbà tí agogo ìparí iṣẹ́ dún. Àwọn obìnrin gbé garawa wá, wọ́n tò, wọ́n dá orin.

"Ẹ dúró ná! Kí ló wà nínú garawa yẹn?"

"Bílíìṣì ni," ni èyí tó kéré jù nínú wọn dáhùn. Mẹ́ta nínú ìka rẹ̀ ló wà nínú pílásítà.

"Inú bílíìṣì lẹ fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀? Ta ló kọ́ yín?"

Ẹnikẹ́ni kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Alọṣọ pàápàá ń wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Bí Ọ̀gá Omi bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa tú u fó. Ṣùgbọ́n ó wo ìka tó wà nínú pílásítà yẹn, ó wo ọwọ́ àwọn yòókù tó pọ́n bíi tirẹ̀, ó sì rántí ẹ̀yìn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ní ọmọ tí wọ́n ń gbé.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ wọn."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó rọra ṣàlàyé pé Ọlọ́run fi òróró sára awọ, òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí awọ gbẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ráyè wọlé. Ọṣẹ ń fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Nírọ̀lẹ́, bílíìṣì á wá jó èyí tó kù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ti tó fún ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ gbígbẹ láti àárọ̀.

"Ṣùgbọ́n, nọ́ọ̀sì," ni obìnrin báàfù kejì bèèrè, "bí kò bá ta wá, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́?"

Ọ̀gá Omi ló dá a lóhùn. "Ìwọ, bí o bá bọ́jú láàárọ̀, ṣé ó máa ń ta ọ́?"

"Rárá o."

"Ìdọ̀tí lo wá ń gbé kiri lójú láti ọjọ́ yìí?"

Alọṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọ̀gá Omi gbé garawa náà, ó dà á sí gọ́tà.

"Orin ò ṣẹ̀ wá," ló wí. "Garawa ló ṣẹ̀ wá. Láti ọ̀la, ìpara la ó máa fi ra ọwọ́ bí a ṣe ń kọ orin wa. Ẹni tí kò bá tíì kọ ẹsẹ náà tán kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró."

Ní ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ máníjà lọ.

"Ìbọ̀wọ́ tuntun fún ẹni mẹ́fà, pẹ̀lú ìpara?" ni máníjà wí. "Ṣé ilé oge la dá sílẹ̀ níbí ni?"

"Rárá, sà. Ilé ìfọṣọ ni. Ọwọ́ wa ló sì ń fọ ohun tí ẹ̀rọ yín ń sá fún. Bí ọwọ́ bá bàjẹ́, ṣé ẹ ó máa bẹ àbàwọ́n ni?"

Máníjà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀gá Omi kó àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì olówùú tó ti gbó, tí wọ́n fẹ́ jù nù, ó gé wọn, ó rán wọn ní ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí olúkúlùkù ń wọ̀ sábẹ́ rọ́bà. Bí ó bá ti rin, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ó pín iṣẹ́ náà: wákàtí méjì nídìí báàfù, wákàtí kan nídìí aṣọ gbígbẹ tí wọ́n ń ká. Ìpara tó ki, tí kò lóòórùn, ni wọ́n ń fi para kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà ìsinmi, àti nígbà orin.

Kò rọrùn tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́tìnì kan já bọ́ sísàlẹ̀ báàfù, kí Ọ̀gá Omi tó rántí, ó ti ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ó ta á fún ọjọ́ méjì gbáko.

"Ọ̀gá wa," ni Alọṣọ wí, "ṣé wúrà ni bọ́tìnì yẹn ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kí o máa lọ aṣọ ẹ."

Ọmọ ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé oṣù mẹ́ta nígbà tí Ọ̀gá Omi kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọn kò tíì dà bí ọwọ́ ọmọge, àtẹ́lẹwọ́ ṣì le díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó sán ti pa dé. Ọmọ rẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ sókè sódò, ó di ojú. Ó tún gba tòsì, ó ṣe bákan náà.

"Màámi," ló wí, "omi ti wà lórí iná."

"Mo mọ̀ pé á ti wà níbẹ̀. Ṣebí mo ti sọ fún ọ."

Ó ká apá aṣọ. Ó fi ẹ̀yìn ìgúnpá tọ́ omi wò, ó gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó sì fọwọ́ ra á lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí. Ọmọ kò ké. Ó ranjú mọ́ ìyá àgbà, ó na ọwọ́, ó gbá òrùka tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí i ló ti tọ̀ sí i láyà yàà, títí dé àgbọ̀n.

"Ẹ wò ó!" ni Ọ̀gá Omi kígbe. "Ó ti gbọ́ pé Ọ̀gá Omi ni mí, omi tirẹ̀ ló fi kí mi!"

Lẹ́yìn tí ọmọ ti wọṣọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, títí kan àárín ìka. Ó mú agolo ìpara jáde nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọwọ́, orin sì tẹnu rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a gbè é. Kò dáwọ́ dúró títí ẹsẹ orin náà fi parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí Olúwa bùkún iṣẹ́ yín, kó sì pa ọwọ́ tó ń ṣe é mọ́. Omi tí ẹ ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ kò ní gba awọ ara yín lọ. Kí ọwọ́ yín le fún iṣẹ́, kó sì rọ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá délé nírọ̀lẹ́, kí ẹni tí ẹ fẹ́ràn má fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá nawọ́ sí i. Àmín.