Oṣù Mẹ́wàá Tó Kù Kí Ìpín Pé

Ìró tó kọ́kọ́ mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ìró maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Á máa lọ ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà, á dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fi eyín gé òwú, á tún bẹ̀rẹ̀. Ilé oníyàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ògiri àárín rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí maṣíìnì bá ń lọ, ó mọ̀ pé owó ilé ìwé ń bọ̀ nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́, ó mọ̀ pé oníbàárà kan ti já wọn kulẹ̀. Ìyá wọn kú kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ ló rán aṣọ títí òun fi di akáǹtánì, òun náà ló sì rán ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ sí ìdálẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé.

Ó ti wá di àgbàlagbà nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe mítà omi. Àjà kẹrin ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í ṣí. Bàbá Ìpín ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí òun ló ń ṣe ìṣirò ìpín tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn òṣìṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ lọ kò ní kó owó lé e lọ́wọ́. Á fún un ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, á sì so ìpín náà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Òṣìṣẹ́ ń wò ó, ó mọ̀ pé tòun ni, ṣùgbọ́n ó di ọdún mẹ́rin kí okùn tó tú. Ẹni tó bá lọ kí ọdún mẹ́rin tó pé, ibi tó bá ewúrẹ́ náà ló ń fi í sí. Wọn kì í sọ pé ó kúkú ti dúró ọdún mẹ́ta, kí wọ́n gé itan kan fún un.

Nínú ìwé, Bàbá Ìpín kì í dúró di ọjọ́ tí okùn máa tú. Iye tí ìpín náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í fúnni ló máa ń mú, á pín in sí ọ̀nà méjìdínláàádọ́ta, ìyẹn iye oṣù tó wà nínú ọdún mẹ́rin, á sì máa kọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lóṣooṣù bí ìnáwó ilé-iṣẹ́. Ọjà ì báà gbówó lórí, ó ì báà kùtà, iye ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn náà ni. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ bá lọ kó tó pé, á yí gbogbo ohun tó ti kọ padà, bí ẹni pé wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.

Oríṣi mìíràn ni wọ́n ń fún wọn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀tọ́ ni, pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kí èèyàn wá ra ìpín ní iye tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ̀wé sílé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ọdún mẹ́rin, mò ń bọ̀." Ọdún mẹ́rin pé, iye ìpín lọ́jà ti já wálẹ̀ ju iye tí wọ́n ní kó rà á lọ. Ta ló máa ra ìkòkò ní mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ń tà á ní mẹ́fà níta? Ẹ̀tọ́ náà kú sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yí ìnáwó tí wọ́n ti kọ lórí rẹ̀ padà, nítorí ó ti sin iṣẹ́ náà pé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ́dítọ̀ tó bá ta kú: ọdún tí èèyàn ti lò, a kì í pa á rẹ́, ì báà jẹ́ òfo ló fi ọwọ́ mú nínú rẹ̀.

Ó tún gba òmíràn. Ìyẹn yọrí sí rere, ó fi pààrọ̀ òrùlé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí okùn kan tó tú, wọ́n á ti so òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fi ojú kan ilé láti ìgbà yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, èyí tó kẹ́yìn sì ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìpín tó wà nílẹ̀ báyìí ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, ó tó kọ́ ilé. Ó ku oṣù mẹ́wàá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni ohùn ẹ̀gbọ́n wọlé sórí fóònù rẹ̀.

"Àbúrò mi, èmi ni o. Dókítà ojú ní kò lè ju oṣù mẹ́rin lọ tí ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ fi máa tán. Mi ò sunkún, nítorí náà má lọ wá ẹni tó máa wá tù mí nínú. Ojú yìí ti ṣiṣẹ́, ó ti rí ìdí ṣòkòtò tó pọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́: kí n wò ọ́ dáadáa kó tó ṣú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni, jókòó síbẹ̀. Nígbà tí o lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì. Bí o bá ń bọ̀, máa bọ̀ wá jókòó."

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì: "Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù mẹ́wàá ló kù…" Ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ kọkànlá, iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ wọn ni èyí tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún: kí wọ́n fojú díwọ̀n àwọn tí kò ní dúró di ọjọ́ tí okùn máa tú, nítorí ilé-iṣẹ́ kì í kọ ìnáwó sílẹ̀ lórí ẹni tó ti hàn pé ó ń lọ. Àwọn mìíràn á mú iye tó lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n á fi ṣe òdiwọ̀n. Bàbá Ìpín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjìlélógójì ni wọ́n ní ìpín, á máa lọ láti yàrá dé yàrá, á máa kí wọn, á máa wo tábìlì wọn. Tábìlì kì í purọ́ fún un.

Ọmọbìnrin akáǹtánì tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú ìwé dání. Kíá-kíá ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ó máa ń parí iṣẹ́ kí wọ́n tó rán an tán.

"Ẹni tó ń ya àwòrán mítà ńkọ́?"

"Ó máa lọ. Ó ti kó fọ́tò ọmọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì."

"Bóyá eruku ló fẹ́ nù, Bàbá."

"Eruku wo? Ọdún mẹ́ta ni mo ti mọ tábìlì yẹn, àkísà ò kàn án rí."

"Ọ̀gá ilé ìkẹ́rù?"

"Ìyẹn ń bẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá owó ra ọkọ̀. Ẹni tó ń san gbèsè ọkọ̀ kì í sáré."

Kíá-kíá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà yìí ò dáa o. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Kí n tó ṣẹ́jú, o ti lọ. Orúkọ ẹ kúkú ti sọ ọ́."

"Mo dúpẹ́ o. Ẹ ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá tó lé mi." Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Orúkọ Bàbá Ìpín ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òdo sì wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní lọ, bó ṣe máa ń wà lọ́dọọdún. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Mò ń bẹ. Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Ọmọbìnrin náà ò kọ nǹkan kan. "Ẹ ti wo tábìlì gbogbo èèyàn," ó ní, "ẹ ò wo tiyín."

Ó yíjú. Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń kó nǹkan sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ìwé àtijọ́, ife, kàlẹ́ńdà, bàtà ìgbà òjò.

"Ààyè ni mò ń wá," ó ní.

"Ààyè wo, Bàbá? Tẹlifóònù nìkan ló kù lórí ẹ̀."

Ó dìde. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í pọ̀ sí, ó pe ilé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mọ́kànlá. Ojú ló ń lọ, iyè ò tíì lọ."

Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀: ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà. "Ẹ ṣì ń ránṣọ?"

"Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà, ọwọ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Ojú abẹ́rẹ́ nìkan ni èmi pẹ̀lú ẹ̀ ń jà. Aládùúgbò mi máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ maṣíìnì àti abẹ́rẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá fún mi láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tí mẹ́wàá yẹn bá tán, ọjọ́ mi tán nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku oṣù mẹ́wàá kí ìpín mi pé. Bí mo bá kúrò báyìí, mi ò ní rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀."

Maṣíìnì dákẹ́. "Ó tó èló?"

Ó sọ ọ́.

"Ó pọ̀," ẹ̀gbọ́n sọ. "Dúró gbà á." Ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. "Èmi ò lè bá ọ jà lórí owó, mo ti bá òṣì jà rí, mo mọ ojú ẹ̀. Mo kàn fẹ́ wò ọ́ ni. Ṣé ọrùn rẹ ṣì tín-ín-rín nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn?"

Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti ṣẹ́po mẹ́ta. "Ó ti sanra, ẹ̀gbọ́n mi. Orí mi ti funfun tán."

"Irọ́ ni. Mo mọ bí mo ṣe rán ọ jáde."

"Ẹ rí mi nígbà tí mo wá kẹ́yìn."

"Mo rí i. Mo fojú fò ó ni."

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀. Iye ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ṣì fi kọ òun sílẹ̀. Ọjà ti lọ, ọjà ti bọ̀, kò yí i padà rí.

Nígbà tó padà wọlé, ó gba ìwé lọ́wọ́ Kíá-kíá, ó fagi lé òdo tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ̀kan síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó mú un lọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ìsinmi oṣù kan, kó lọ kí wọn, kó padà wá. Ó dúpẹ́, ó ní ìsinmi kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ nílé.

"Oṣù mẹ́wàá péré, Bàbá," Kíá-kíá sọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo mọ̀. Ta ló ń kà á bí kò ṣe èmi?"

"Wọ́n máa yí gbogbo ẹ̀ padà. Oṣù méjìdínlógójì."

"Èmi ni màá yí i. Mi ò ní jẹ́ kí o fi kíá-kíá bà á jẹ́."

Ó ṣí ìwé ìpín tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han Kíá-kíá. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Nígbà tó parí, nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò fún un ní nǹkan kan rí. Ó wo ibẹ̀ títí. Ohun tó ń dùn ún gan-an kò sí nínú ìwé yẹn: ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò fi gbọ́ ìró maṣíìnì náà láti inú yàrá kejì. Ó ti lò ó tán, ẹnikẹ́ni ò lè yí i padà.

Ó mú fóònù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀ kó tó rántí pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú ni òun ń kọ̀wé sí láti ọjọ́ yìí wá. Ó pa á rẹ́. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ránṣẹ́ láìtún un gbọ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìpín yẹn ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni màá wọ ọkọ̀ òfurufú, mi ò ra ti àbọ̀. Ọrùn mi ti sanra lóòótọ́, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ má fojú fò ó. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Láti ọjọ́ kẹrin lọ, èmi ni màá máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún yín, kò sì ní mọ ní mẹ́wàá."