Bílíìṣì Lára Aṣọ Tíṣà

"Ta ló rán eléyìí?"

Kò sẹ́ni tó dá Télọ̀ lóhùn, torí òun nìkan ló wà lẹ́yìnkùlé, láàárín abọ́ ìfọṣọ mẹ́ta. Ní gbogbo Sátidé tí Tíṣà, ìyàwó rẹ̀, bá lọ sípàdé àwọn olùkọ́, òun ló máa ń fọṣọ ilé. Ibi tó ti ń kó aṣọ ìdọ̀tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ló ti rí ọ̀kan tuntun nínú ọ̀rá, aṣọ aláwọ̀ aró tí kò dá mọ̀. Ó gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i sódì. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, fọ́nrán òwú kan ò yọ jáde. Ó mọ ọwọ́ náà. Ti Ọwọ́ Ẹ̀rọ ni, obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fọ́dún mẹ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ fún lórúkọ ìnagijẹ yẹn, tó ti wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òpópónà kejì.

Ara rẹ̀ gbóná. Ìyàwó télọ̀ ń gbé aṣọ fún télọ̀ mìíràn! Ta ni ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò? Ohun tó dùn ún jù ni pé aṣọ náà dára. Ó wá àléébù rẹ̀ títí, kò rí. Owú mú un débi pé kò mọ ohun tó ń kùn mọ́.

Ó gbé aṣọ náà lé orí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àwọn aṣọ funfun. Ó rí i pé ó ti sún mọ́ abọ́ jù. Kò gbé e kúrò. Ó mú ike bílíìṣì, ó dà á sínú omi tìbínú-tìbínú, ó sì ta sókè. Láìpẹ́, àmì funfun kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ti yọ sí àyà aṣọ náà.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá bà á. Ó fi omi tútù ṣàn án, ó tún ṣàn án, títí òórùn bílíìṣì fi lọ. Ó rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó ń nù ún láti ibi tó dúdú wá síbi tó funfun, kí àwọ̀ lè ṣàn wọ inú rẹ̀. Ó ti fi ọgbọ́n yìí yọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà rí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ eérú ló mú wá. Ló bá mú bírò ìyàwó rẹ̀, ó fi kùn ún. Ó di àwọ̀ àlùkò.

"Kí lẹ ń fi bírò mi ṣe?"

Tíṣà ti dé. Ó rí aṣọ náà, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Mọ́ńdè ló fẹ́ dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ yìí ló sì fẹ́ wọ̀.

"Bílíìṣì ló ta sí i," ni Télọ̀ wí. "Ìwọ náà, kí ló dé tó o fi gbé aṣọ fún ẹlòmíràn? Ṣé èmi kì í ṣe télọ̀ ni?"

"Télọ̀ ni yín. Télọ̀ gbogbo ayé ni yín! Oṣù kẹrin rèé tí mo ti gbé aṣọ yìí fún yín. Tí mo bá béèrè, ẹ ó ní ara ilé ni mí, mo lè dúró. Oṣù tó kọjá ni mo lọ hú u jáde lábẹ́ tábìlì yín. Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́."

Télọ̀ gbé bírò sílẹ̀. Lóòótọ́ ni, kò mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé ó ṣèèṣì ni?"

"Mo rí i pé ó sún mọ́ abọ́. Mi ò gbé e kúrò."

Tíṣà jókòó sórí àpótí. "Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?"

"Àwọ̀ ibẹ̀ ò lè padà mọ́. Àfi ká pààrọ̀ gbogbo àyà rẹ̀. Ègé aṣọ tó ṣẹ́kù, ọ̀dọ̀ Ọwọ́ Ẹ̀rọ ló máa wà."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a."

"Rárá," ni Télọ̀ wí. "Èmi ni màá lọ."

Oníbàárà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́ Ẹ̀rọ. Ó dìde nídìí máṣíìnì nígbà tó rí Télọ̀ tó ń wọlé. "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá." Ó gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ, ó fi ìka kan àwọ̀ àlùkò yẹn. "Háà! Ta ló ṣe irú èyí?"

Gbogbo wọn ń wo Télọ̀.

"Èmi ni. Owú ló mú mi."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ wolẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú àpò ègé aṣọ. Ó fa èyí tó tóbi yọ. "Ó máa tó. Ṣé ẹ fẹ́ mú un lọ, kẹ́ ẹ rán an fúnra yín?"

Ó wu Télọ̀ gan-an. Ó ti na ọwọ́ kó tó rántí òkìtì aṣọ oníbàárà tó ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ ara rẹ̀ dáadáa.

"Ìwọ ni kó o rán an," ó ní.

"Àwọn mẹ́ta yìí ló ṣáájú yín o, Ọ̀gá."

Obìnrin tó wà létí bẹ́ńṣì sún sẹ́yìn díẹ̀. Télọ̀ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń dúró kó kan òun.