Ọwọ́ Tó Wà Nínú Fọ́tò

1.

…torí náà má wulẹ̀ kun èékánná mọ́. A ti ya fọ́tò náà. Ó rẹwà gan-an. Màá ṣàlàyé.

(Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ ọ́. Ọ̀sán àná ló fi í ránṣẹ́. Àárọ̀ òní ló tó wọlé sórí fóònù mi. Mo ti kun ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ti gbẹ.)

2.

Ohun tí mo lò lánàá, nítorí pé agbára mi ò ká ṣọ́ọ̀bù aṣèékánná:

abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan

òróró díẹ̀ láti ilé ìdáná (Màmá mi ní: "Ṣé o fẹ́ dín ọwọ́ ni?")

ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná, dípò fáìlì tí wọ́n fi ń ha èékánná

kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tó ti ki, tí mo gbé sínú omi gbígbóná kó lè yọ́

igi ìṣáná tí mo wé òwú mọ́ lórí, láti fi nu ibi tó bá yà bàrá

sùúrù

Sùúrù ló kọ́kọ́ tán.

3.

Ọwọ́ ọ̀tún kun ti òsì, ó ń dán. Ọwọ́ òsì kun ti ọ̀tún, ó dà bí ẹni tó fọwọ́ fọ́ tòmátì.

Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún. Wíwẹ̀ ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ kíkùn.

4.

Ìka òrùka.

Ó ṣófo. Òrùka náà tóbi jù, àfẹ́sọ́nà mi gbà á padà lọ́jọ́ Ajé kí alágbẹ̀dẹ wúrà lè bá wa dín in kù. Àdéhùn ni pé lónìí, ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, máa ya ọwọ́ mi pẹ̀lú òrùka náà, kí gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn lè rí i.

Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

5.

ÌKÉDE
(ara ògiri yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́)

ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ FẸ́ FỌWỌ́ KAN BÍLÍÌṢÌ GBỌ́DỌ̀ WỌ ÌBỌ̀WỌ́.

Ẹnìkan ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ìbọ̀wọ́ dà?

6.

Nínú àwọn ìwé ìtàn tí mo máa ń yá, ọkùnrin máa ń fẹnu ko ọwọ́ obìnrin. Wọn kì í sọ ohun tí ọwọ́ náà ti ń ṣe láti àárọ̀.

7.

Fọ́tò náà dé sórí wáásáàpù ẹbí wọn ní aago mẹ́wàá.

Òrùka mi ni. Èékánná gígùn, funfun bí eyín ọmọdé. Awọ tí kò mọ bílíìṣì.

Mo gbé ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Fún ìṣẹ́jú kan mo gbà pé tèmi ni, pé mo ti gbàgbé bó ṣe rí ni.

Àǹtí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ỌWỌ́ ÌYÀWÓ WA RÈÉ!

— Ẹ kú oríire o!

— Ọwọ́ yìí ò tíì fọ abọ́ rí láyé.

— Ẹ má jẹ́ kó dé ilé ìdáná o, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

— Ṣé ó ní àbúrò?

8.

MÀMÁ: Ta ló ni ọwọ́ yìí?

ÈMI: Wọ́n ní èmi ni, mà.

MÀMÁ: Wọ́n ní? Èmi ni mo bí ọwọ́ rẹ. Àpá ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó ọ dà?

ÈMI: Òun nìyí, mà. (Mo na ọwọ́ mi sí i.)

MÀMÁ: Ó dáa. Ta ni kí n wá kí kú oríire, ìwọ ni àbí onítọ̀hún?

(Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.)

9.

Lórí fóònù, èmi àti àfẹ́sọ́nà mi.

ÒUN: Ọwọ́ aṣèékánná Àǹtí ni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

ÈMI: Ìwọ náà wà níbẹ̀?

ÒUN: Fọ́tò lásán ni, jọ̀ọ́.

ÈMI: Ta ló fi òrùka sí i lọ́wọ́?

ÒUN: Ṣé ìyẹn náà ṣe pàtàkì ni?

ÈMI: Mo ń gbọ́.

ÒUN: Èmi ni. Àǹtí ní bílíìṣì ti jẹ ọwọ́ rẹ. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

ÈMI: Kí nìwọ wá sọ?

ÒUN: Kí ni kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni.

10.

Bó ṣe máa rí lójú aṣèékánná náà, bí mo ṣe rò ó:

Wọ́n ní kí n na ọwọ́. Mo nà án. Ọkùnrin kan fi òrùka sí i, kò wo ojú mi. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Mo bọ́ ọ. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

11.

(Ìka mẹ́wàá tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Mo ṣì ń bá a lọ.)

Láti ọ̀dọ̀ Àǹtí:

Ìyàwó wa, má bínú o. Tí o bá ń bọ̀ wá kí ẹbí lọ́jọ́ Àìkú, mo ti ra ìbọ̀wọ́ léèsì funfun kan fún ọ. Wọ̀ ọ́ dé ibẹ̀, má sì bọ́ ọ títí wàá fi lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

12.

Ohun tí mo kọ, tí mo sì pa rẹ́:

Ẹ ṣé, mà.

Ẹ ṣé, mà, ṣùgbọ́n

Títí ìgbà wo ni kí n máa wọ̀ ọ́, mà?

Ó ti rẹ̀ mí. (Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún kọ́ nìyí.)

13.

Sí òun:

Màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní wọ ìbọ̀wọ́. Bí wọ́n bá béèrè, màá sọ pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n rí. Mú òrùka náà dání. Níwájú gbogbo wọn, níwájú Àǹtí, ni wàá ti fi í sí mi lọ́wọ́. Bí o ò bá lè ṣe é níbẹ̀, mi ò ní fẹ́ ọ.