Ọjọ́ Tí Adégbìtẹ́ Kí Ìlẹ̀kùn

Ní ọdún 1986, kò sí ẹni tó mọ èèyàn kí tó Adégbìtẹ́ ní gbogbo Àgbowó. Láti ilé rẹ̀ dé ibi tí yóò ti wọ takisí lọ sí ọ́fíìsì, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni bàbá náà fi ń rìn ín. Yóò dúró lọ́dọ̀ Sùlàímọ́nù tó ń lẹ táyà, yóò béèrè ìyàwó, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ewúrẹ́. Yóò tún dúró ní ṣọ́ọ̀bù Zùwáírátù aránṣọ. Àwọn ará àdúgbò ní ọmọlúàbí pọ́ńbélé ni.

Irọ́ ni o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Bó bá ti rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún á gbá a mú pinpin. Bó bá dúró díẹ̀, á tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá kàn dúró gbagidi lójú ọ̀nà, wọn á bi í pé kí ló dé. Ẹni tó bá ń kíni, ta ni yóò bi í?

Kò fẹ́ kí Jẹ́jẹ́lọlá ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ọdún kejì rèé tí dókítà ti ní kíndìnrín Adégbìtẹ́ ń ṣàárẹ̀, tí obìnrin náà ti ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, tó sì ń bá a jẹ ẹ́ kó má baà dá jìyà. Ẹnu wo ni yóò fi sọ pé ó tún ku ẹsẹ̀? Ó ti rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Nígbà tí egbò kékeré yọ sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, ìbọ̀sẹ̀ ló fi bò ó.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìnira dé ṣọ́ọ̀bù Zùwáírátù, ó di ìlẹ̀kùn mú, ó dorí kodò, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Zùwáírátù, o kú iṣẹ́ o! Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé?"

Àgádágodo wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Zùwáírátù fúnra rẹ̀ wà ní òdì kejì ọ̀nà, níbi ẹ̀rọ omi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí bí bàbá ṣe ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ojúgun, tí òógùn bò ó. Ó gbé korobá kalẹ̀, ó sọdá.

"Bàbá Títílọpẹ́, ta lẹ̀ ń kí?"

Adégbìtẹ́ wo ìlẹ̀kùn.

"Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yẹn." Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tutù bí omi àmù, èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó rí egbò, ó pariwo. "Háà! Ìyá Títílọpẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ lónìí."

"Mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún un."

"Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́, n ò fẹ́ ìkíni yín."

Ó bínú lóòótọ́ nígbà tí Zùwáírátù lọ pe Jẹ́jẹ́lọlá wá. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin méjèèjì nínú takisí, ó bínú títí dé ọsibítù. Dókítà fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ méjèèjì; ti ọ̀tún pẹ́ kó tó rí i. Ó ní àrùn kíndìnrín a máa dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, sìgá tí bàbá ń fà sì tún ń kún un lọ́wọ́.

"Ká ní ẹ fi pamọ́ di oṣù tó ń bọ̀ ni, bàbá, gígé là bá máa sọ."

Jẹ́jẹ́lọlá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló mú ìbínú Adégbìtẹ́ rọ̀, tí ojú sì tì í.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wẹ egbò náà kó tó jiná. Sìgá ti dohun ìgbàgbé. Dókítà wá ní kó máa rìn: kó rìn títí ẹsẹ̀ á fi dùn ún, kó dúró, kó tún rìn.

Jẹ́jẹ́lọlá bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ohun tó ti ń ṣe láti èṣí nìyẹn!"

Díẹ̀díẹ̀, ìdúró ń dín kù. Ó wá di ọjọ́ kan tí Adégbìtẹ́ juwọ́ sí Sùlàímọ́nù, tí kò dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Zùwáírátù, ó dúró. Obìnrin náà fi aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sáré jáde.

"Ṣé ó tún ti gbá yín mú ni?"

"Rárá o," ni Adégbìtẹ́ wí, ó sì ṣí fìlà fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. "Lónìí, ìwọ ni mo dúró kí."