Aṣọ Tí Kọ́pùrà Kò Rán

Bí wọ́n ṣe ń pè é nínú iṣẹ́ ológun náà ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè é: Kọ́pùrà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà fún àwọn sójà, àfìgbà tí àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dànù ní orúnkún. Nígbà tí egbò jinná, wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n sì ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìkọ́ṣẹ́ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ó rò pé wọ́n á bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n wo ìrísí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nawọ́ sí yàrá ìránṣọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Bó bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, aṣọ á sáré. Bó bá ní kóun rọra tẹ̀ ẹ́, òwú á já. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà sì ń bó o lára débi pé kó tó di ọ̀sán, ó ti yọ ọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ìyá Aránṣọ, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn, kì í bínú. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Ìyá, ọkọ̀ wo lèèyàn ń wà látàárọ̀ tí kò kúrò lójú kan?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó tọ ọ̀gá ilé ìkọ́ṣẹ́ lọ. "Ọ̀gá, dírẹ́bà ni mí. Ọkọ̀ tó ń pa jíà dà fúnra rẹ̀ wà. Tí wọ́n bá gbé ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀ sápá òsì, mo lè wà á."

"Kọ́pùrà, ẹ gba kádàrá. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni yín báyìí."

"Ẹsẹ̀ mi ló gé, ọ̀gá. Ojú mi ò fọ́, orí mi ò dàrú."

Ọ̀gá wo agogo ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn àlejò tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká múnú wọn dùn."

Lọ́jọ́ àlejò, Ìyá Aránṣọ fi ẹ̀wù kan lé e lọ́wọ́, tọ́rùn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. "Ṣáà gbé e dání, kó o rẹ́rìn-ín," ló sọ sí i létí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Àlejò pàtàkì kan dúró, ó fọwọ́ pa ọrùn ẹ̀wù náà. "Ó mà dára o! Báwo lẹ ṣe rí i ṣe?"

Kọ́pùrà la ẹnu, irọ́ kọ̀, kò jáde. "Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo rán an. Dírẹ́bà ni mí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó gbọ́."

Àlejò ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọjá lọ. Ọ̀gá ní kí Kọ́pùrà lọ jókòó sílé títí àwọn á fi ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Aránṣọ ló dùn ún jù.

"Mo bò ọ́ láṣìírí, o wá tú tèmi."

Kọ́pùrà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ò jẹ́. "Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí." Ìyá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó jókòó sílé títí ó fi sú u, àfi bí Ìyá Aránṣọ ṣe kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, jórinjórin ni. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú èyí tí mo gbọ́ pé o sọ fún ọ̀gá. Dìde."

Irin tí jórinjórin kọ́kọ́ jó mọ́ ibi títẹ̀ ọkọ̀ náà, kó lè bọ́ sápá òsì, já, èkejì dúró. Kọ́pùrà wa ọkọ̀ náà yí ọgbà ṣọ́ọ̀bù ká, Ìyá Aránṣọ jókòó tì í, ó fọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ó ń pariwo, "Rọra! Rọra o!"

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ ọkọ̀ wíwà kò tiẹ̀ jáde wo ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Ilé ìkọ́ṣẹ́ ní kó ṣì jókòó sílé.

Jórinjórin wá gbà á síṣẹ́, kó máa fi ọkọ̀ náà wọ́ àwọn ọkọ̀ tó bàjẹ́ káàkiri inú ọgbà, níbi tí kò ti nílò ìwé àṣẹ. Bó bá dé ẹnu géètì, á dúró, á wo títì, ẹ́ńjìnnì á máa kùn. Lẹ́yìn náà, á yí ọkọ̀ padà tìbínútìbínú, á sì gbé e síbi tó yẹ láìfara kan ohunkóhun.