Ẹ̀wù Tí Àlùmọ́gàjí Ò Kàn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ẹni tí ogun náà sàn fún, Barnabas ni kó lọ wò. Gbogbo ayé ń sunkún, òun ń sanra. Láti ọdún 1967 tó ti wọṣẹ́ ológun, kò tíì yìnbọn sí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì tíì yìnbọn sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ní ibùdó kan lẹ́yìn Mákúdì, nítorí ó ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òmù-Àrán kó tó lọ. Lọ́ọ̀rì á kó aṣọ ológun tó ti ya, tó ti lẹ̀jẹ̀, wá láti ọsibítù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, Barnabas á lẹ̀ ẹ́, aṣọ á tún padà sójú ogun lọ́rùn ẹlòmíràn. Ẹ̀wà láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹran màlúù lọ́jọ́ ìsinmi.

Gbogbo èyí ló ń kọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Rore, ó sì ń bù mọ́ ọn. Ìyá ò mọ̀wé. Àbúrò Barnabas, Ambrose, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán, ló máa ń kà á fún un. Ọjọ́ tí Barnabas ń lọ sógun, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì níwájú ìyá rẹ̀, ó ní àlọ òun tó fún ẹni méjì, Ambrose á parí ìwé rẹ̀, kò ní fojú kan ìbọn. Ìyẹn nìkan ni ìyá fi gbà kó lọ. Àmọ́ ẹnu Barnabas kì í dákẹ́, kódà lórí ìwé. Nínú lẹ́tà kan, ó kọ ọ́ pé: “Bí Ambrose tó mọ̀wé yìí bá wà níbí, ọ̀gá ni ì bá jẹ́ lórí mi.”

Ohun kan wà tí àwọn télọ̀ ibùdó mọ̀, tí wọn kì í sọ síta. Aṣọ ẹni tó fara gbọgbẹ́ máa ń dé ní gígé, torí pé ní ọsibítù kò sáyè à ń tú bọ́tìnnì. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń là á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kí dókítà lè tètè rójú ọgbẹ́. Ẹ̀wù tó bá dé lódindi, tí wọ́n rọra tú bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara òkú ni wọ́n ti bọ́ ọ. Kò sí ìkánjú mọ́. Odindi làwọn télọ̀ fẹ́ràn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀. Barnabas náà fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́ fún yín.

Nínú oṣù Keje ọdún 1969, odindi kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ihò kan péré ló wà láyà rẹ̀, ó kéré, orí ìka ló lè gbà. Ó dí i kí agogo oúnjẹ tó lù. Nínú àpò ẹ̀wù náà ló ti rí kíjìpá kékeré kan tí wọ́n ká, aláró, tí òwú pupa kan gba etí rẹ̀ kọjá. Ojú ẹsẹ̀ ló mọ̀ pé obìnrin Ìgbómìnà ló hun ún.

Ó ní, “Ọmọ ilé wa kan rèé o.”

Ọ́fíìsì tí ìwé orúkọ wà ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ì bá lọ béèrè. Inú máa ń bí mi sí i tí mo bá dé ibí yìí. Agogo oúnjẹ lù, ó sọ aṣọ náà sínú àpótí rẹ̀, ó ní ẹ̀bùn ìyá òun nìyẹn, ó sì lọ jẹ ìrẹsì.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fún un láàyè ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Ọ̀fà, lọ́ọ̀rì gbé e dé Rore. Ìyá wà nídìí òfì rẹ̀. Ó fò dìde, ó dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lórí. Lẹ́yìn náà ló ń wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

“Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?”

“Àbúrò wo, Yèyé? Ṣebí ilé ìwé ló wà.”

“Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀! Oṣù kẹta rèé tó ti wọṣẹ́ ológun ní Ìlọrin. Ó ní ìwọ lo kọ̀wé pe òun. Ó kà á sí mi létí, o ní ọ̀gá ni yóò jẹ́ lórí rẹ. Ó ní òun á sọ fún wọn kí wọ́n gbé òun wá bá ọ.”

“Àwàdà ni mo ṣe!” Ohùn Barnabas ti yí padà. Àwọn ológun kì í béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n ẹni wà. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń ka oṣù: Karùn-ún, Kẹfà, Keje. Ó bẹ àpótí rẹ̀ nínú ọkàn pé kó má ṣí.

Ṣùgbọ́n ìyá ti ṣí i, bí àwọn ìyá ti máa ń ṣe, ó ń wá aṣọ ìdọ̀tí tí yóò fọ̀. Ó fa kíjìpá náà jáde. Ó wò ó, ó yí etí rẹ̀ wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

“Ìwọ Barnabas! O fẹ́ẹ́ tàn mí jẹ! Aṣọ tí mo gé fún Ambrose kó mú wá fún ọ ló wà lọ́wọ́ rẹ yìí, o ní o ò rí i! Èmi ni mo fi òwú pupa sí i, kí o lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí tẹnì kankan rí.” Ó ké sí alábàágbé rẹ̀ lóde: “Suliat! Wá gbọ́ o! Wọ́n ti ríra wọn!”



“Báwo lo ṣe bá a? Ṣé wọ́n fún un láṣọ tó dáa? Àbí àkísà ló ń wọ̀?”

Omi ń dà lójú Barnabas. Ó ní, “Ẹ̀wù rẹ̀ wà lódindi, Yèyé. Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́.”

“Ọpẹ́ ni fún Olúwa,” ni ìyá wí. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ kíjìpá náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Suliat wọlé, òun náà ń ṣe àmín.

Barnabas dúró kí ìyá rẹ̀ ṣe àmín tó kẹ́yìn. Ó wá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e dìde.

“Yèyé,” ó ní, “ẹ jókòó ná.”